Màmá tó dé ní aago mẹ́ta òru, tí kọ̀ǹpútà wa ti ní kò wá mọ́

Òru Jimọ̀ mọ́jú Sátidé ni, nínú oṣù kọkànlá 2024, ní hòtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́bàá èápọ́ọ̀tù Gatwick, ní ìlú Crawley, mi ò ní dárúkọ hòtẹ́ẹ̀lì náà. Masters ni mò ń ṣe ní Brighton nígbà yẹn, físà akẹ́kọ̀ọ́ ò sì gbà kéèyàn ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ tí sáà ẹ̀kọ́ bá ń lọ, torí ẹ̀ alẹ́ méjì ni mo máa ń ṣe, Jimọ̀ àti Sátidé, aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́jọ àárọ̀, mẹ́wàá mẹ́wàá, ó pé 20 géérégé. £11.44 ni wọ́n ń san ní wákàtí kan, ìyẹn iye tó kéré jù tí òfin gbà lọ́dún yẹn fún ẹni tó bá ti pé ọdún 21, wọn ò fi kọ́bọ̀ lé e torí pé òru ni.

Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe lọ gan-an torí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló wà lẹ́yìn káńtà hòtẹ́ẹ̀lì nílùú òyìnbó báyìí, ọ̀pọ̀ òbí wa náà ló sì ń gba ibẹ̀ kọjá lọ bá ọmọ, tí wọ́n á dé pẹ̀lú ẹrù àti àárẹ̀, tí wọn ò ní mọ ohun tí wọ́n lè bèèrè fún.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé nǹkan kan, torí òun ló fa gbogbo wàhálà náà. Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà hòtẹ́ẹ̀lì ń kà yàtọ̀ sí ti kàlẹ́ńdà. Aago méjìlá òru á lù, Sátidé á ti dé fún gbogbo ayé, àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa Jimọ̀ ṣì ni, ó dìgbà tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ bá ti ọjọ́ náà pa. Òun ni wọ́n ń pè ní night audit. Wàá ṣírò gbogbo owó tó wọlé, ti káàdì, ti báà, ti oúnjẹ, wàá rí i pé ó bá ara mu, kọ̀ǹpútà á wá kọ owó yàrá sọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan tó sùn, lẹ́yìn náà ló máa ṣí ọjọ́ tuntun. Ẹni tó bá ti gba yàrá sílẹ̀ fún Jimọ̀ tí ò yọjú títí ìgbà yẹn, á sọ ọ́ di no-show, á yọ owó alẹ́ kan lórí káàdì ẹ̀, yàrá ẹ̀ á sì bọ́ sílẹ̀ bí èyí tí ò lólówó. Aago méjì òru la máa ń ṣe tiwa.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, àwọn bàálù kan pẹ́, àwọn kan ò tiẹ̀ gbéra mọ́, àwọn èèyàn wá ń ya wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa sùn sí. Kó tó di aago kan, yàrá ti tán, àfi ti àwọn mẹ́ta tó ti gbà á sílẹ̀ tí wọn ò tíì dé. Mo pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni àkọ́kọ́ ní òun ti sùn sílé ọ̀rẹ́ òun, mo bá fún ẹlòmíràn ní yàrá tiẹ̀. Ẹnì kejì dé bí mo ṣe ń pè é lọ́wọ́. Ti ẹnì kẹta, fóònù ò lọ rárá, ohùn obìnrin inú ẹ̀rọ yẹn ló ń sọ pé nọ́ńbà ò pé. Mi ò wò ó dáadáa, mo kàn fi sílẹ̀, mo lọ bẹ̀rẹ̀ audit. Ibẹ̀ ni àṣìṣe tèmi wà, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ ní tààrà. Ní aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú, bàbá òyìnbó kan dé pẹ̀lú ọmọ méjì, wọ́n ti fagi lé bàálù wọn, èyí àbúrò ti sùn lọ léjìká ẹ̀. Mo fún un ní yàrá ẹnì kẹta yẹn. Inú mi tiẹ̀ dùn pé mo rí i fún wọn.

Ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́ta lù nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí Màmá wọlé.

Ìró àti bùbá àǹkárá ni wọ́n wọ̀, súwẹ́tà ọkùnrin kan wà lókè ẹ̀, wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun sínú sálúbàtà. Àpótí wọn, wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù dì í káàkiri, wọ́n wá fi mákà kọ orúkọ sí i gàdàgbà, wọ́n kọ HULL, ìlú tí wọ́n ń lọ, sábẹ́ ẹ̀. Awakọ̀ tákísì ló bá wọn wọ́ ọ wọlé, ó gbé e kalẹ̀, ó lọ. Màmá rọra rìn wá síbi káńtà, wọ́n fọwọ́ méjèèjì gbá a mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òyìnbó díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ti kọ́ ọ sórí láti Èkó, pé ọmọ àwọn ti sanwó fún àwọn níbí. Wọ́n wá wo báàjì àyà mi, wọ́n ka orúkọ tó wà níbẹ̀, wọ́n tún un kà.

Èmi náà ti jáde lẹ́yìn káńtà nígbà yẹn, mo ti kúnlẹ̀. Síkẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ wa fún, kì í jẹ́ kéèyàn kúnlẹ̀ dáadáa, àmọ́ orúnkún mi ti kan ilẹ̀ kí n tó rò ó.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà mà. Ẹ kú ìrìn àjò."

"Háà! Olúwa ṣeun o. Ọmọ mi, ó ti rẹ̀ mí, ẹsẹ̀ mi ti wú."

Mo mú wọn jókòó sórí àga tó wà lọ́ọ̀kán, mo bu omi fún wọn, mo padà sídìí kọ̀ǹpútà. Màmá ti mú pépà kan jáde, ewé ìwé ẹ́sásàìsì tí wọ́n fi báírò kọ nǹkan sí, orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì wa àti nọ́ńbà booking. Mo tẹ nọ́ńbà náà sínú kọ̀ǹpútà, no-show ló gbé jáde. Orúkọ ọmọ wọn ló wà níbẹ̀, orúkọ ilé ọkọ, £89 ti jáde lórí káàdì ẹ̀ ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Yàrá yẹn ni mo gbé fún bàbá ọlọ́mọ méjì. Àyà mi já.

Mo lọ pe mánijà alẹ́ ní ọ́fíìsì ẹ̀yìn. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe èèyàn burúkú, ó tiẹ̀ máa ń ra tíì fún mi. Ọ̀rọ̀ tó sọ ni pé booking yẹn ti kú, pé orúkọ tó wà lórí ẹ̀ kì í ṣe ti Màmá, pé Màmá ò ní káàdì kankan tó lè fi dúró fún £50 tí a máa ń dè lórí káàdì àlejò kó tó wọ yàrá, pé kò sì sí yàrá. Ó ní kí n gba pásípọ́ọ̀tù wọn kí n ṣe ẹ̀dà ẹ̀ sílẹ̀, kí n wá júwe hòtẹ́ẹ̀lì míì fún wọn. Ohun tó ń bà á lẹ́rù kì í ṣe irọ́. Àwọn tó ń jí nọ́ńbà káàdì olówó ló máa ń gba yàrá lórúkọ ẹlòmíràn, tó bá di ọjọ́ kejì ẹni tó ni káàdì á pe báńkì ẹ̀ pé òun kọ́, báńkì á gba owó padà lọ́wọ́ hòtẹ́ẹ̀lì, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa dá lẹ́bi.

Ó jáde síta, òun fúnra ẹ̀ ló bèèrè pásípọ́ọ̀tù. Màmá yọ ọ́ nínú báàgì, wọ́n ṣí i síbi tí fọ́tò wà, wọ́n nà án sókè kó rí i, àmọ́ wọn ò fi sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ní n má fi pásípọ́ọ̀tù mi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, pé kí n kàn fihàn wọ́n." Mánijà na ọwọ́, Màmá dì í mú. Mo rí i bí àtàǹpàkò wọn ṣe funfun lórí ewé pásípọ́ọ̀tù yẹn.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí òfin sọ níbí, torí ọ̀pọ̀ àwa tí à ń ṣiṣẹ́ náà gan-an ò mọ̀ ọ́n. Òfin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1972 lórí àkọsílẹ̀ àwọn tó ń sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọdún 16, á sọ orúkọ ẹ̀ ní kíkún àti orílẹ̀-èdè tó ti wá, hòtẹ́ẹ̀lì á sì tọ́jú ẹ̀ fún oṣù 12 ó kéré tán. Àjèjì ni wọ́n ní kó tún fi nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù sí i, ibi tí wọ́n ti ṣe é fún un, àti ibi tó ń lọ tó bá kúrò níbẹ̀. Àmọ́ òfin yẹn ò ka ọmọ Ireland tàbí ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth mọ́ àjèjì. Commonwealth, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀, sì ni Nàìjíríà wà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, mo ti fún àwọn ọmọ Australia méjì ní kọ́kọ́rọ́, orúkọ àti orílẹ̀-èdè nìkan ni mo kọ, kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe ẹ̀dà nǹkan kan. Ohun tí òfin bèèrè lọ́wọ́ wọn náà ló bèèrè lọ́wọ́ Màmá, kò fi ẹyọ kan lé e.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún mánijà, jẹ́jẹ́, lédè òyìnbó, mo ní sà, a ti rí orúkọ wọn, ó bá ti inú pásípọ́ọ̀tù mu, a ti rí orílẹ̀-èdè wọn, ìyẹn ti tó fún àkọsílẹ̀, ohun tó kù láti mọ̀ ni bóyá ẹni tó ni káàdì ló rán wọn wá, ìyẹn sì rọrùn, ẹ jẹ́ kí n pè é. Ó wò mí. Ó ní kí n pè é nígbà náà.

Mo wo nọ́ńbà tí ò lọ yẹn. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. +4407 ló bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé ibí máa mọ̀ pé tí +44 bá ti wà níwájú, òdo yẹn gbọ́dọ̀ kúrò, ó jọ pé bó ṣe tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì tó ti gba yàrá nìyẹn, kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Mo yọ òdo kan. Fóònù ò dún lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n fi gbé e.

Ọmọ Màmá ló gbé e. Ẹ̀gbọ́n náà ò sùn rárá, oyún oṣù kẹjọ ló wà nínú ẹ̀, láti aago mẹ́jọ alẹ́ ló ti ń pe fóònù Màmá tí ò lọ, torí SIM Nàìjíríà ni, kò ní roaming. Mo ní kó sọ nọ́ńbà booking fún mi, ó sọ ọ́, mo ní kó sọ nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lórí káàdì ẹ̀, ó sọ ọ́, ó bá tiwa mu. Mẹ́rin yẹn nìkan o, ẹ má ka odindi nọ́ńbà káàdì yín fún ẹnikẹ́ni lórí fóònù, ì báà jẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ló pè yín. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tó mú kí n wo ojú mánijà. Ó ní, "Àbúrò, mo ti pè yín nírọ̀lẹ́ ná. Mo sọ fún ọkùnrin kan níbẹ̀ pé bàálù wọn pẹ́, ó ní kò sí wàhálà, pé òun ti kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo gbé kíbọ́ọ̀dù kúrò nílẹ̀. Pépà yẹ́lò kékeré kan wà lábẹ́ ẹ̀, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ẹ̀ ti gbẹ, ó ti yọ́ wọ abẹ́ ibẹ̀. Aago 18:40, orúkọ ọmọ Màmá, wọ́n wá kọ ọ́ pé bàálù pẹ́, kí wọ́n tọ́jú yàrá. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ọ̀sán ló kọ ọ́. Kò kọ ọ́ sínú booking tí gbogbo wa máa rí, pépà ló kọ ọ́ sí, ó lọ sílé.

Mo fi pépà náà síwájú mánijà. Mo wá sọ ohun tó ti ń yí lọ́kàn mi látìgbà tí mo ti rí £89 yẹn. Mo ní sà, a ti gba owó òru yìí lọ́wọ́ wọn. A ò gbà á bí owó ìyà, owó yàrá fún odindi alẹ́ kan ni, alẹ́ náà ò sì tíì tán, aago méjìlá ọ̀sán Sátidé ni àlejò Jimọ̀ ń kúrò. Tí a bá gba owó náà tán, tí a tún ta yàrá náà fún ẹlòmíràn, tí a wá ní kí ìyá arúgbó yìí jáde sínú òtútù, a ti ta yàrá kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó kọ́kọ́ sanwó ló sì ń sùn síta. Kọ̀ǹpútà ló ní Sátidé ti dé. Màmá ò bá kọ̀ǹpútà ra nǹkan kan.

Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀.

Ohun tí mi ò sọ fún un, torí mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń bá a ṣẹjọ́, ni pé òfin náà wà lẹ́yìn ẹni tó bá dé bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́ ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé ilé àlejò kò gbọ́dọ̀ lé arìnrìn-àjò padà láìnídìí, òfin hòtẹ́ẹ̀lì ti 1956 sì ṣe é ní kedere pé ohun tó ń jẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ni ibi tó ń gba arìnrìn-àjò yòówù tó dé, tó bá ti jọ pé ó lè sanwó, tó sì wà ní ipò tó ṣeé gbà wọlé. Ọ̀rọ̀ Learie Constantine ni wọ́n fi kọ́ wa ní kíláàsì. Ọmọ Trinidad ni, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú kírìkẹ́ẹ̀tì, ó wá sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1943 láti gbá kírìkẹ́ẹ̀tì ní pápá Lord's, ó ti gba yàrá sílẹ̀ fún òun àti ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ ẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì Imperial ní Russell Square, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ torí pé adúláwọ̀ ni wọ́n, wọn ò fẹ́ kí àwọn sójà Amẹ́ríkà tó dé sí ibẹ̀ bínú. Ó gbé wọn lọ sí kóòtù, ó sì jàre lọ́dún 1944, gíní márùn-ún, owó òyìnbó ayé àtijọ́, ni kóòtù ní kí wọ́n san fún un. Owó náà ò tó nǹkan. Àmọ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ ní kíláàsì, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé mi, òru yẹn ló padà sọ́kàn mi, Màmá jókòó lọ́ọ̀kán, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan fa sálúbàtà kúrò lẹ́sẹ̀ kejì.

Mánijà bèèrè pé yàrá wo ló ṣẹ́ kù nígbà náà. Mo ní 118. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti Wẹsidé pé ó bàjẹ́, kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni. Mo gba kọ́kọ́rọ́, mo lọ wò ó fúnra mi kí n tó sọ̀rọ̀ síwájú, torí ohun tí mo ti kọ́ ni pé "ó bàjẹ́" lè jẹ́ pé òrùlé ń jò, ó sì lè jẹ́ gílóòbù kan. Mo ṣí omi, ó gbóná. Mo fọwọ́ kan hítà, ó ń ṣiṣẹ́. Béèdì wà ní títẹ́. Tẹlifíṣọ̀n ni ò ṣiṣẹ́. Tẹlifíṣọ̀n lásán! Mo sáré sọ̀ kalẹ̀, mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹ password tiẹ̀, ó dá booking náà padà láti no-show sí ẹni tó ti dé, £89 yẹn náà ló padà di owó yàrá, a ò gba òmíràn. Ti £50, ó ní kí n kàn ti fóònù yàrá àti báà pa kí wọ́n má lè kọ gbèsè síbẹ̀, ìyẹn tó. Màmá ti ń na àpòòwé owó pọ́n-ùn sí wa nígbà yẹn, mo ní kí wọ́n dá a padà sínú báàgì, mo rí i pé wọ́n fi pamọ́ dáadáa.

Mo fún wọn ní fóònù kí wọ́n bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀. "Mo ti dé o. Má sunkún mọ́, má jẹ́ kí ọmọ inú ẹ máa gbọ́ ẹkún. Ọmọ wa kan ló wà níbí."

Mo bá wọn gbé ẹrù wọ lífítì. Tí ẹ bá ń gba hòtẹ́ẹ̀lì fún òbí yín, ẹ ṣàlàyé káàdì ilẹ̀kùn fún wọn, ẹ jọ̀ọ́. Màmá ò rí irú ẹ̀ rí, wọ́n ń wá ihò kọ́kọ́rọ́ lára ilẹ̀kùn. Mo fi hàn wọ́n bí wọ́n á ṣe gbé káàdì sún mọ́ ọn kí iná aláwọ̀ ewé tàn, mo fi hàn wọ́n pé inú ihò kékeré tó wà lára ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni káàdì náà máa wà, tí wọ́n bá yọ ọ́, gbogbo iná á kú. Wọ́n yọ ọ́ wò, òkùnkùn ṣú, wọ́n dá a padà, iná tàn, wọ́n ní "Ó dáa, ó ti yé mi." Mo fi kẹ́tùlù se omi. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ṣàdúrà fún mi, àdúrà tó gùn, tó kan àwọn ọmọ tí mi ò tíì bí. Fóònù front desk ń dún nísàlẹ̀, mo ń gbọ́ ọ, mo ṣe àmín títí wọ́n fi parí.

Mo kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kí n tó gba ilé lọ, àsìkò, nọ́ńbà yàrá, ẹni tó fọwọ́ sí i, nọ́ńbà fóònù tí mi ò tún un wò. Mo kọ ti pépà yẹ́lò náà, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo kàn kọ ọ́ pé a gba ìpè kan, kò dé inú booking. Mo bèèrè síbẹ̀ pé ta ni kí a máa gba nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ ẹ̀, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo èèyàn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, pépà kan ti wà lára ògiri lẹ́yìn káńtà tó sọ bẹ́ẹ̀.

Aago mẹ́jọ ni mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ mo dúró de Màmá kí wọ́n jẹun. Ẹyin àti búrẹ́dì ni wọ́n jẹ, wọ́n ní tíì òyìnbó ò ní agbára. A jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin Gatwick. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ Thameslink ń gbé èèyàn lọ tààrà sí St Pancras, King's Cross sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ ni ọkọ ọmọ wọn máa ti pàdé wọn kí wọ́n jọ máa lọ sí Hull. Èmi, apá kejì ni mò ń lọ, Brighton. Mo bá obìnrin kan tó jókòó nínú ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀, mo ní kó jọ̀ọ́ sọ fún wọn tí wọ́n bá dé St Pancras, ó gbà. Ilẹ̀kùn pa dé, Màmá ṣì ń juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé.

Lálẹ́ Sátidé tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo rí pépà yẹ́lò yẹn nínú ìwé àkọsílẹ̀, mánijà ti fi pínnì so ó mọ́ ojú ewé Jimọ̀, ó wá fi báírò pupa kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé láti òní lọ, aago 1:30, kí a wo bàálù gbogbo ẹni tí ò tíì dé kí a tó ti ọjọ́ pa. Èèyàn mẹ́rin ni kò tíì dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo fa àga mọ́ra, mo wo nọ́ńbà àkọ́kọ́ bóyá òdo wà níwájú ẹ̀, mo gbé fóònù.